Àmì Ara Ewé Tábà Kì Í Ṣe Ìjẹrà

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó ń ba ọjà jẹ́ mọ́ àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ nílùú Ìlọrin, tó sì jẹ́ pé àìmọ̀ lásán ló ń fà á. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí àmì tóótòòtó tó máa ń wà lára sìgá ńlá, èyí tí wọn kì í fi bébà wé bíi sìgá tí gbogbo wa mọ̀, tó jẹ́ pé ewé tábà ni láti inú dé òde. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣa ewé tábà kí n tó fẹ̀yìn tì, ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo sì fi mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lójú ọ̀nà Táíwò, ta páálí sìgá ńlá kan fún oníbàárà tó fẹ́ fi ṣe àlejò níbi ìgbéyàwó. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wà nínú páálí náà, ilẹ̀ Dominican Republic ni wọ́n sì ti ṣe é. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọkùnrin náà gbé e padà, ó nàka sí ara sìgá kan, ó sì ń pariwo lójú gbogbo èèyàn pé ọjà tó ti jẹrà ni wọ́n tà fún òun. Ọmọ náà dá owó rẹ̀ padà fún un. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò ní ọ̀rọ̀ kan tó lè fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Òun náà ti gbà pé ọjà òun bàjẹ́, ó sì kù díẹ̀ kó da gbogbo rẹ̀ sórí ààtàn kó tó rántí mi. Ohun tó sọ fún mi lórí fóònù ni pé, “Bàbá, ẹ wá wò ó, wọ́n ní òkú ọjà ni mò ń tà.”

Mo gbé páálí náà sí ìta níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, mo fi awò sójú, mo sì yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Méje ló ní àmì. Mẹ́ta nínú wọn ní àmì aláwọ̀ ewé tí kò ju èékánná ọmọdé lọ. Ẹyọ kan ní àmì róbótó mẹ́rin, tí àárín wọn funfun tí etí wọn sì pọ́n, bí ojú ọ̀pọ̀lọ́ gẹ́lẹ́. Lára mẹ́ta yòókù, ibi tí àmì wà mọ́lẹ̀ ju ara ewé tó kù lọ, bí ìgbà tí omi bá kán sórí aṣọ aláró. Mo fi àtàǹpàkò ra gbogbo wọn, kò sí ohun tó ṣí kúrò. Mo gbóòórùn wọn, òórùn tábà ni mo gbọ́, kò sí òórùn bíbu kankan níbẹ̀.

Ewé tábà tútù kì í ṣàdédé di pupa. Inú abà ni wọ́n máa ń so ó rọ̀ sí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, níbi tí atẹ́gùn ti ń gba ara rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí àwọ̀ ewé inú rẹ̀ lè ráyè yọ́ dànù, kí ó kọ́kọ́ di yẹ́lò kí ó tó wá pọ́n. Bí ooru tàbí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ká ibì kan mọ́ lára ewé náà, tí ibẹ̀ gbẹ kí àwọ̀ yẹn tó yọ́ tán, ibẹ̀ yóò dúró bẹ́ẹ̀ ní àwọ̀ ewé títí láé. Kódà, irú sìgá kan wà tí wọ́n ń pè ní candela, tó jẹ́ pé iná ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi gbẹ ewé rẹ̀ kíákíá kí gbogbo ara rẹ̀ lè dúró ní àwọ̀ ewé, owó gidi sì ni àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ fi ń rà á.

Èyí tó dà bí ojú ọ̀pọ̀lọ́ yẹn, oko ló ti wá. Olú kan tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Cercospora nicotianae, ló máa ń bà lé ewé nígbà òjò, àwọn àgbẹ̀ kò sì fẹ́ ẹ rárá nítorí pé ó ń dín owó ewé kù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ewé bá ti gbẹ dáadáa, àpá ló kù lára rẹ̀, bí àpá ilẹ̀gbóná lára ẹni tí àrùn náà ti fi sílẹ̀ tipẹ́. Ní ti àmì omi, òjò lè fà á, ẹni tó wé sìgá náà sì lè fà á, nítorí pé wọ́n gbọ́dọ̀ fi omi rọ ewé kó tó ṣeé tẹ̀.

Ẹ̀wà ni wọ́n ń sanwó lé lórí lára ewé tó wà lóde. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ Connecticut nílẹ̀ Amẹ́ríkà, láti nǹkan bí ọdún 1900, fi ń na aṣọ bo oko tábà kí oòrùn má bàa mú ewé nípọn. Ewé Kamẹrúùnù, tó múlé tì wá yìí, ní tirẹ̀, máa ń ní kókó wẹ́wẹ́ lára bí ara ẹni tí òtútù mú. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń wá a kiri, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè rò pé èkúrú ni. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn amọ̀kòkò Dàda ní Òkèlele, ẹ ó rí ojú dúdú lára ìkòkò níbi tí iná ti bà á, mi ò sì tíì rí obìnrin tó dá irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ padà pé ó ti fọ́.

Ohun méjì ló yẹ kí oníbàárà torí rẹ̀ dá sìgá padà. Èkíní ni èyí tó bu. Nǹkan tó bu máa ń ga sókè lára ewé, ó ń rí bí òwú, funfun tàbí eléérú tàbí aláwọ̀ búlúù, ó sì ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ. Ẹnu ibi tí wọ́n ti ń tanná sí i ló sì sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Òjò Ìlọrin tó láti fa èyí bí ẹni tó ń tà á kò bá ṣọ́ra. Àwọn kan ní ẹ̀tù funfun lára sìgá jẹ́ ẹ̀rí pé ó ti gbó dáadáa. Èmi kò gbà wọ́n gbọ́, mi ò sì ní kà á mọ́ àmì tí kò léwu. Èkejì ni ihò róbótó tó dà bí ojú abẹ́rẹ́, tí ìyẹ̀fun ń dà jáde nínú rẹ̀. Kòkòrò tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lasioderma serricorne ló wà níbẹ̀, bó bá sì ti wọ ṣọ́ọ̀bù, kò ní mọ sórí tábà, yóò kọjá sínú ata gbígbẹ àti kòkó.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. Èéfín tábà ń fa àrùn jẹjẹrẹ, ìbáà jẹ́ alámì tàbí aláìlámì, mi ò sì kọ lẹ́tà yìí kí ẹnì kan lè bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Ohun tí mo ń sọ ni pé àmì náà kò fi kún ewu tó wà níbẹ̀, kò sì sọ ẹni tó tà á di ọ̀dàlẹ̀.

Sìgá méje yẹn wà nínú àpótí kan lórí káńtà ọmọ ẹ̀gbọ́n mi di òní. Lọ́jọ́ tí mo yẹ̀ wọ́n wò, mo fi bírò fa ìlà yí àmì kọ̀ọ̀kan ká, mo sì kọ déètì sára páálí náà. Nǹkan tó bá bu kì í dúró sójú kan. Láti ọjọ́ náà, kò sí àmì kankan tó kọjá ìlà tí mo fà yí i ká. Bí ọkùnrin tó dá páálí náà padà bá ń ka ìwé ìròyìn yín, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yà sí ṣọ́ọ̀bù náà kó fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Aṣewé tábà tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìlọrin.