Iṣẹ́ ọnà fún ọmọ tó ń kúrò nílé ìtọ́jú

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Bí ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé àwọn ọmọ aláìlóbìí bá ti pé ọdún 18, òfin ò kà á sí ọmọdé mọ́. Ó di kó máa dá gbọ́ bùkátà ara rẹ̀, láìní ẹbí tó lè yà sí. Ọkàn irú wọn kì í balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kíjọba rán wọn lọ kọ́ iṣẹ́ ọnà kí wọ́n tó jáde, bí irú èyí tí Nike Davies-Okundaye, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà àdìrẹ, ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ibùdó tó dá sílẹ̀ l'Óṣogbo lọ́dún 1983. Ẹni tó ń fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún ya àdìrẹ kò gbọdọ̀ kánjú. Ohun tí kò lè fẹnu sọ, á yà á sáṣọ. Owó ibẹ̀ dáa, àmọ́ ìbàlẹ̀ ọkàn wọn ló jẹ mí lógún jù.

Òǹkàwé yín, Ìbàdàn