Apá Roberto Clemente

Pittsburgh, Amẹ́ríkà

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo ka èsì rẹ, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. O ní béèsìbọ́ọ̀lù tí mo ń ròyìn fún ọ, eré ọ̀lẹ ni, pé ẹni mẹ́ta á kàn dúró sẹ́yìn pápá bí ẹni ń ṣọ́ oko lọ́wọ́ ẹyẹ. Ó dáa. Roberto Clemente ni mo fẹ́ fi dá ọ lóhùn.

Ọmọ Carolina ní Puerto Rico ni, 1934 ni wọ́n bí i. Oko ìrèké ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Láti 1955 títí di 1972 ló fi ṣeré fún ẹgbẹ́ Pittsburgh Pirates níbí. Ẹ̀yìn pápá lápá ọ̀tún ló ń ṣọ́. Ibẹ̀ jìnnà sí béèsì kẹta gan-an (béèsì mẹ́rin ni ẹni tó ń sáré gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kàn kó tó jẹ àmì ayò), nítorí náà bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù lọ síbẹ̀, ẹni tó ń sáré á rò pé òun ti rọ́nà lọ. Clemente á sá tọ bọ́ọ̀lù náà, á yí pírí, á jù ú. Ẹni tó ń sáré á dé béèsì kẹta, bọ́ọ̀lù ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀! Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ ò dán an wò mọ́. Wọ́n á dúró jẹ́ẹ́ sí béèsì kejì. Ọdún 12 léraléra ló fi gba Gold Glove, ẹ̀bùn àwọn tó mọ pápá ṣọ́ jù lọ. Ṣé ọ̀lẹ nìyẹn?

Má sì rò pé kò mọ bọ́ọ̀lù gbá o. Nínú World Series 1971, ìdíje àṣekágbá béèsìbọ́ọ̀lù lọ́dọọdún, tí Pirates ti na ẹgbẹ́ Baltimore Orioles, kò sí ọ̀kan nínú eré méjèèje tí kò ti gbá a dáadáa. Wọ́n gbé makirofóònù sí i lẹ́nu lẹ́yìn eré, èdè Sípáníìṣì ló kọ́kọ́ sọ, ó ní kí àwọn òbí òun súre fún òun. Ìyẹn wú mi lórí ju ife lọ. Àwọn oníròyìn kan a máa pè é ní Bob. Kò gbà fún wọn, Roberto ni orúkọ rẹ̀.

Ní 30 oṣù kẹsàn-án 1972, ó gbá bọ́ọ̀lù tó pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta fún un, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí eléré gbá tó sì fi dé béèsì láìséwu. Lóṣù kejìlá, ilẹ̀ mì tìtì ní Managua ní Nicaragua. Ó kó oúnjẹ àti oògùn ránṣẹ́, àmọ́ ó gbọ́ pé àwọn sójà Somoza, ẹni tó ń ṣàkóso Nicaragua nígbà náà, ń jí i kó. Ó ní òun á bá ẹrù náà lọ fúnra òun. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún, ọkọ̀ òfuurufú ògbólógbòó tí wọ́n di ẹrù lé kọjá agbára rẹ̀ já sínú òkun ní kété tó gbéra ní San Juan. Ọmọ ọdún 38 ni. A ò rí òkú rẹ̀ títí dòní.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn tó bá fẹ̀yìn tì ni eléré máa ń dúró kí wọ́n tó gbà á sí Hall of Fame, ilé ìrántí àwọn akọni béèsìbọ́ọ̀lù. Wọn ò jẹ́ kí tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, 1973 ni wọ́n gbà á wọlé. Bí físà rẹ bá jáde, a máa gba orí afárá tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè lọ sí pápá Pirates. Ẹsẹ̀ bàtà 21 ni ògiri apá ọ̀tún ga, nítorí nọ́ńbà 21 ló ń wọ̀.

Bá mi kí Màmá.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ.