Ẹ jẹ́ kí á ka orí náà tán

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ìpàdé ìjọ wa ní Àgbádárìgì lóṣù tó kọjá, màmá kan tó ń ta ẹja yíyan dìde, ó béèrè ibi tí owó òrùlé tí a dá wọlé sí. Kàkà kí àwọn alàgbà ṣírò rẹ̀ fún un, “Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan ẹni òróró mi” ni wọ́n kà sí i létí. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Màmá rọra jókòó, ó ń ká etí ìborùn rẹ̀.

Ó dùn mí wọra. Orin Dáfídì 105 ni ọ̀rọ̀ yẹn wà, àwọn ọba ni Ọlọ́run sì ń kìlọ̀ fún níbẹ̀, kí wọ́n má pa Ábúráhámù àti ìran rẹ̀ lára nígbà tí wọ́n ṣì kéré níye, tí wọ́n jẹ́ àlejò ní ilẹ̀ onílẹ̀. Ta ló wá sọ ọ́ di àgádágodo ẹnu ìjọ? Sámúẹ́lì, wòlíì tí kò lábùkù, fúnra rẹ̀ ló dúró níwájú Ísírẹ́lì (Sámúẹ́lì Kìíní 12), tó ní kí wọ́n sọ màlúù ẹni tí òun gbà.

Àwọn míṣọ́nnárì Freeman àti Townsend wàásù ní ìlú wa yìí ní 1842. Odindi Bíbélì Yorùbá sì ti wà láti 1884. Ọwọ́ wa ló wà, a sì mọ̀ ọ́n kà. Ẹ̀yin alàgbà wa, mo bẹ̀ yín, ẹ ka orí náà tán sétí ìjọ, kí ẹ sì ka ìwé owó òrùlé fún màmá.

Ọmọ ìjọ kan,
Àgbádárìgì.