Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ Lórí Ìsinmi ní Òkè-Ògùn

Mọ́níyà,
Ìbàdàn.
Oṣù Ẹrẹ́nà.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Bàbá Tóbi, mo sì kí àwọn ọmọ. Ẹ kú òtútù, ẹ sì kú àjò. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níhìn-ín, Màmá náà sì ní kí n kí yín dáadáa.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì fara balẹ̀ kà á. Gbogbo ohun tí o kọ nípa Windermere, adágún tí ó gùn tó kìlómítà 17, àti nípa Scafell Pike, tí kò sí òkè mìíràn tí ó ga tó o ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn mí pé òkè àti omi ti mọ́ yín lára níbi tí ẹ ń gbé yẹn. Ìdí nìyí tí kò fi yà mí lẹ́nu pé o ń bèèrè bóyá àwọn ọmọ lè rí irú rẹ̀ nílé. Wọn yóò rí i, ní Òkè-Ògùn, kò sì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà mi. Oṣù tí o dá nìkan ni mo fẹ́ bá ọ jiyàn lé lórí. Ẹ má wá nínú oṣù Ọ̀pẹ.

Ìwọ náà ni o sọ pé kò sí ìgbà tí àwọn ènìyàn kì í lọ sí Lake District, agbègbè òkè àti adágún yín yẹn, pé nínú oṣù Òkúdu ilẹ̀ kì í tètè ṣú títí aago mẹ́wàá alẹ́ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lù, àmọ́ pé nínú oṣù Ọ̀pẹ, kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, oòrùn ti wọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa rí. Òkè Adó-Àwáyè, èyí tí mo fẹ́ kí a gùn ní Òkè-Ògùn, kò kúrò níbi tí ó wà, ènìyàn sì lè gùn ún nígbàkúùgbà, ṣùgbọ́n ohun tí yóò rí lórí rẹ̀ nínú oṣù kan yàtọ̀ sí ohun tí yóò rí nínú òmíràn.

Ìgbà ọyẹ́ ni gbogbo ará òkè-òkun máa ń rọ́ wálé. Owó ọkọ̀ òfúrufú á gbówó lórí, ìgbéyàwó àti òkú ṣíṣe á gba gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, tí ẹ bá sì rí àyè dé Adó-Àwáyè, ọyẹ́ ti gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá, kùrukùru á sì bo gbogbo ojú ọ̀run. Ẹ ó gun òkè tán, ẹ kò ní rí ju àwọn òrùlé páànù tó wà ní ìsàlẹ̀ lọ. Ó ní oore tirẹ̀ o: àpáta gbẹ, ẹsẹ̀ kì í yọ̀, òwúrọ̀ sì tutù. Ẹni tí ń gbé Ìbàdàn bí èmi lè lọ nígbà náà láìkábàámọ̀, nítorí tí kò bá rí nǹkan kan, yóò padà lọ. Ẹni tí ó san owó ọkọ̀ òfúrufú fún ènìyàn mẹ́rin kò rí bẹ́ẹ̀.

Láti Èrèlé títí di Igbe, ooru ni. Kajú àti máńgòrò pọ̀ lójú ọ̀nà nígbà náà, èyí tí àwọn ọmọ yóò fẹ́ràn, ṣùgbọ́n àpáta máa ń gbóná tí ó bá fi di ọ̀sán, àwọn òjò àkọ́rọ̀ sì máa ń bá ìjì àti mànàmáná rìn. Orí àpáta gbalasa kọ́ ni ó yẹ kí ààrá bá ènìyàn. Ní Òkúdu àti Agẹmọ, òjò ti fìdí múlẹ̀, gbogbo ilẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, àtẹ̀gùn òkè náà sì ń yọ̀.

Oṣù Ògún ni mo fẹ́ kí ẹ wá. O rántí pé òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù yẹn: ó ti tẹ̀lé oòrùn lọ sí ìhà àríwá, ó sì kù díẹ̀ kí ó padà wá bá wa ní Ọwẹ́wẹ̀. Ojú ọjọ́ á ṣú, oòrùn kò ní mú, a ó sì máa wọ súwẹ́tà ní òwúrọ̀ ní Ìbàdàn níbí (mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìlú Ọba á fi wá rẹ́rìn-ín). Ewé ṣì tutù, omi kún, iṣu tuntun ti dé ọjà, àwọn ọmọ sì wà nínú ìsinmi gígùn. Bí kì í bá ṣe ti ilé-ẹ̀kọ́ wọn ni, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Bélú ni ǹ bá mú, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ tí eruku kò sì tíì dé, tí ojú ń ríran jìnnà. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ń fún wọn ní ìparí Ọ̀wàrà kò tó nǹkan.

Bí a ó ṣe lọ nìyí. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́tà, kí ẹ sì sọ̀ ní ibùdókọ̀ Mọ́níyà. Mo ti wà níbẹ̀ ná. Láti Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn jẹ́ kìlómítà 65, ọ̀nà náà sì ti dára láti ìgbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ ti tún un ṣe. A ó sùn sí Ìsẹ́yìn, mi ò gbà kí a ti Ìbàdàn jáde ní àárọ̀ ọjọ́ tí a ó gun òkè, nítorí kùtùkùtù ni òkè dùn ún gùn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ó lọ wo àwọn tí ń hun òfì. Mo ti mọ̀ pé owó rẹ yóò kù síbẹ̀.

Àtẹ̀gùn Adó-Àwáyè lé ní 300. Ibi tí ó ti dà bí ẹni pé ó parí, kò tíì parí. Lórí rẹ̀, ẹ ó rí Ìṣàgè, òkúta ńlá tí ó dúró lórí àpáta bí ẹni tí yóò ṣubú, tí kò sì ṣubú, tí wọ́n sì máa ń bọ fún òjò nígbà ọ̀dá. Lẹ́yìn náà ni Ìyáàké, adágún orí òkè náà. Kí o tètè sọ fún Tóbi pé kò fẹ̀ bíi Windermere rárá. Omi díẹ̀ ni, ewéko yí etí rẹ̀ ká, àwọ̀ rẹ̀ sì dúdú mọ́ àwọ̀ ewé. Ohun tí ó ń yani lẹ́nu ni pé omi tí a mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ni ó ń ṣàn lọ, òkè ni a gùn kí a tó bá a. Àpáta tí ó gbé e dúró kì í jẹ́ kí ó rì, àwọn ará ìlú sì ní kì í gbẹ, ẹ̀ẹ̀rùn ìbáà le tó báwo. Àwọn obìnrin tí ń wá ọmọ máa ń gòkè lọ bu omi rẹ̀. Kì í ṣe omi ìwẹ̀ o, kí àwọn ọmọ má fi ẹsẹ̀ kàn án, atọ́nà yóò sì sọ fún wọn.

Fún omi tí ó fẹ̀, a ó lọ sí Ìkẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti dí odò Ògùn, tí àwọn apẹja ń tukọ̀ ọlọ́pọ́n lórí rẹ̀. Màmá ní àwọn yóò bá wa dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kò ní fi eékún àwọn gun òkè kankan.

Jọ̀wọ́, gba oògùn ibà fún àwọn ọmọ lọ́wọ́ dókítà kí ẹ tó gbéra, ẹ̀fọn pọ̀ lásìkò òjò, ara wọn kò sì mọ̀ ọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má wọ bàtà pẹlẹbẹ wá. Fèsì kí oṣù Igbe tó parí, kí ẹ lè rí tíkẹ́ẹ̀tì tí kò wọ́n, kí o sì bá mi ra bàtà tí ń di àpáta mú, nọ́ńbà 39, nítorí tèmi ti já. Owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ Màmá.

Èmi ni,
ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Fọlákẹ́