Lẹ́tà sí Fọlákẹ́ nípa ọgbà ẹ̀yìn ilé wa

Ìbàdàn,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kọkànlá.

Fọlákẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù níbẹ̀ yẹn o, ìwọ àti bàbá Tóbi pẹ̀lú àwọn ọmọ. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì rí àwòrán ọgbà rẹ ní Leeds. Mo rí i pé o kò gé àwọn òdòdó tó ti gbẹ, kí kòkòrò lè rí ibi sá sí títí òtútù yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí bàbá Dàpọ̀ wo fọ́tò náà, ó ní ṣé owó àwọn tó ń roko ló wọ́n tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín ni!

O béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé ṣe. Àwọn tó kọ́lé fún wa fẹ́ to intalọ́ọ̀kì bò ó pátá, bíi ti gbogbo àdúgbò. Mo kọ̀ jálẹ̀. Ibi tí mọ́tò méjì yóò dúró sí nìkan ni mo yọ̀ǹda. Ìwọ náà rántí ohun tí omi fi ojú Ìbàdàn rí ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, àwọn òbí wa kò sì gbàgbé ti odò Ògùnpa ní 1980. Bí oníkálukú bá fi sìmẹ́ǹtì dí ilẹ̀ rẹ̀ pa, ilé àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni omi máa bá lọ.

Ṣùgbọ́n ètò tìrẹ kò lè bá ibí mu bó ṣe wà yẹn. Lọ́dọ̀ yín, òtútù ló ń lé gbogbo nǹkan abẹ̀mí wọlé. Òǹgbẹ ni tiwa. Láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá, ta ni kò lè ní ọgbà ní Ìbàdàn? Igi tí o bá ṣèèṣì fi gúnlẹ̀ gan-an á hù. Ìgbà ọyẹ́ ni ẹjọ́ wà: kànga á fà, koríko á gbẹ, ẹyẹ á máa wá omi káàkiri. Nítorí náà, oṣù Kejìlá, oṣù Kìíní àti oṣù Kejì ni mo kọ́kọ́ ṣètò fún. Kí ni yóò tanná nígbà náà? Kí ni ẹyẹ máa jẹ, níbo ló sì ti máa mu? Bí mo bá ti rí ti àwọn oṣù yẹn ṣe, òjò á bá mi ṣe ìyókù.

Ewúro ni mo fi ṣáájú, má rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa là ń gbìn ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyàwó ilé kì í jẹ́ kó dàgbà dé ibi tó ti máa tanná. Mo ti ya ìdí kan sọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já ewé rẹ̀. Tí ọyẹ́ bá dé, òdòdó funfun á bò ó, oyin á sì máa kùn lórí rẹ̀ láti àárọ̀. Abàmọdá náà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń yọ òdòdó rẹ̀ tó ń dorí kodò, àwọn ẹyẹ kékeré aláwọ̀ dídán tí ẹnu wọn rí tín-ín-rín tó sì tẹ̀ kọdọrọ a máa wá fa oje rẹ̀ mu. Akòko ni mo fẹ́ fi ṣe ọgbà dípò ògiri, nítorí pé ọ̀pá rẹ̀ tí a bá gún mọ́lẹ̀ ń ta gbòǹgbò, òun náà sì ń tanná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bàbá Dàpọ̀ ní àwọn tó fẹ́ joyè ní Ìbàdàn kò ní jẹ́ ká sùn mọ́, wọ́n á máa wá já ewé. Kí wọ́n máa bọ̀, mo máa ta á fún wọn.

Igi ìyeyè kan ti wà ní kọ̀rọ̀ kí a tó ra ilẹ̀ náà. Aládùúgbò wa ní kí n gé e nítorí pé ó ń wọ́wé sí àgbàlá òun. N kò gé e. Kí òjò tó dé ló ti ń tanná, nígbà tí èso rẹ̀ bá sì ń já bọ́ nínú oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, ọ̀kẹ́rẹ́ ń jẹ, àdán ń jẹ, ọmọ aládùúgbò náà pàápàá ń jẹ.

Omi ló gba èrò jù. Àwo amọ̀ pẹrẹsẹ ni mo gbé sórí bíríkì lójú fèrèsé kíṣìnì, mo to òkúta sínú rẹ̀ kí oyin lè rí ibi bà lé. Mo ń da omi rẹ̀ nù ní ọjọ́ méjì-méjì, torí pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni tanwíjí ń di ẹ̀fọn. Omi òrùlé máa gba inú kòtò kan lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn igi tó kù di oṣù Kẹrin, tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀.

Ẹ̀rù ejò ni gbogbo ẹni tó wá kí wa ń fi bà mí. Eku ni ejò ń tẹ̀ lé, pàǹtí ni eku sì ń tẹ̀ lé. Mò ń roko yí ilé ká, mo sì kó igi jíjẹrà sí ìkángun lọ́hùn-ún fún alángbá àti ọ̀pọ̀lọ́. N kò fín ọ̀tapiápiá rárá. Kòkòrò tó wà lára ewé ọsàn, tó jọ ìgbẹ́ ẹyẹ nígbà tó kéré, labalábá ńlá dúdú tó ní àmì aláwọ̀ ìyeyè lára ló ń dà. Kó jẹ ewé díẹ̀, ọsàn kò ní kú.

O béèrè bóyá màá rí Ibadan Malimbe, ìbátan ẹ̀gà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní 1958 tí kò sì sí níbòmíràn láyé ju apá ibi tiwa yìí lọ. Rárá o, ẹyẹ igbó ni, kó máa gbé inú igbó rẹ̀ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn níbí. Ẹ̀gà lásán ti tó mi: wọ́n ti já ewé ọ̀pẹ aládùúgbò fi kọ́lé, ariwo wọn kò jẹ́ ká gbọ́ rédíò. Lékelèké náà ti ń dé.

O ní o máa mú irúgbìn lavender bọ̀ ní Kérésì. Jọ̀wọ́, má mú un wá. Ìwé àṣẹ ni wọ́n ń béèrè fún irúgbìn ní pápákọ̀ òfurufú, ọ̀rinrin ibí kò sì ní jẹ́ kó gbádùn. Àlùmọ́gàjí ìgé-igi ni kí o bá mi rà, irú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ pupa nínú fọ́tò rẹ yẹn. Inú àpótí ńlá ni kí o kó o sí o, kì í ṣe báàgì ọwọ́.

Bá mi kí bàbá Tóbi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Bọ́lá.