Lẹ́tà sí bàbá tó ní ìtàn kì í ṣe ìwádìí

Bàbá,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Ẹ má bínú pé ojú gbangba ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Mi ò mọ ilé yín, n kò sì lè máa fi nọ́ńbà oníbàárà mi pe bàbá rẹ̀ láti bá a jiyàn. Èmi ni mo ń tẹ ìwé, tí mo ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí mo sì ń di prójẹ́ẹ̀tì fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ṣágámù, ìtòsí Sábó. Ẹ bá ọmọ yín obìnrin wá, iná lọ, nígbà tí a ń dúró de jẹnẹrétọ̀ lẹ sọ ọ́ sétígbọ̀ọ́ gbogbo wa pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣe ẹnjiníà ló ń ṣe ìwádìí, pé òun tó ń kọ́ ìtàn ní tirẹ̀ kàn ń tọ àwọn ìyá arúgbó kiri ọjà obì ni, ó ń bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ àná. Mi ò dá yín lóhùn. Ẹ ju bàbá mi lọ, oníbàárà sì ni yín.

Mi ò lọ yunifásítì. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń to ojú ìwé, mo máa ń kà á, ó ti di bárakú. Àwọn ọmọ ń ti Ìlíṣàn wá, wọ́n ń ti Àgọ́-Ìwòyè wá, àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn níbí náà ń wá. Kí n má purọ́, púpọ̀ nínú ohun tí mo ń dì kò ju ìwé lásán lọ. Mo ti rí fọ́ọ̀mù ìbéèrè tí wọ́n ní igba èèyàn ló dáhùn, tó sì jẹ́ pé bírò kan náà, ọwọ́ kan náà ló kọ gbogbo rẹ̀. Mo ti rí àwòrán ẹ̀rọ tí orúkọ ẹlòmíì ṣì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kò sí ẹ̀ka tí kò ní tirẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá ní iṣẹ́ ẹnìkan kò dára, mo lè gbà. Pé ẹ̀ka kan lódindi kì í ṣe ìwádìí ni mi ò gbà.

Ẹ dárúkọ Awójọbí, ọ̀jọ̀gbọ́n ẹnjiníà nì, fún ọmọ yín. Ó dùn mọ́ mi, torí ọmọ Ìkòròdú ni, kò jìnnà sí wa. Ní 1974, Imperial College ní London fún Ayọ̀délé Awójọbí ní oyè D.Sc., oyè ìmọ̀ tó ga ju Ph.D. lọ, nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ, kò sí ọmọ Áfíríkà tó gbà á nínú iṣẹ́ náà ṣáájú rẹ̀. Ó mú jíìpù ológun, ó tún inú rẹ̀ tò títí tó fi lè fi gbogbo jíà sáré síwájú, kó sì tún fi gbogbo wọn sáré sẹ́yìn. Autonov 1 ló pè é. Ohun tó dára nínú iṣẹ́ ẹnjiníà nìyẹn: ọkọ̀ rìn, tàbí kò rìn, àríyànjiyàn tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ tó o rí lórí tẹlifíṣọ̀n mọ̀ pé ọkùnrin yẹn kò jókòó sínú ìmọ̀ kan ṣoṣo. Òun náà ló ń bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè oríṣiríṣi lórí ètò Mastermind, òun náà ló wọ inú òfin àti ọ̀rọ̀ ìṣèlú tó ń bá ìjọba fa á. Tó bá jẹ́ òun lẹ fẹ́ kí ọmọ yín dà, ẹ jẹ́ ká mú gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká mú obì, ohun tí ọmọ yín kọ ìwé lé lórí. Prójẹ́ẹ̀tì lórí ẹ̀rọ tó ń bó obì, mo ti di ju ẹyọ kan lọ, iṣẹ́ gidi sì ni. Tí wọ́n bá yọ obì nínú èso rẹ̀, awọ funfun ṣì wà lára rẹ̀. Àwọn obìnrin á rẹ ẹ́ sómi kí awọ yẹn lè rọ̀, wọ́n á fọwọ́ bó o, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á jẹ́ kí omi gbẹ lára rẹ̀ kí wọ́n tó tò ó sínú agbọ̀n tí wọ́n fi ewé tẹ́. Ibi tí ọgbọ́n wà ni pé obì tó bá gbọgbẹ́ kì í pẹ́ jẹrà, kòkòrò tó ń lu obì náà ò sì jìnnà. Ẹ̀rọ tó bá ń yára bó o, tó sì ń ha á lára, gbèsè ló ń bó fún oní-ǹkan. Ilé ìwádìí kòkó, CRIN, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1964, ní obì nínú iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, wọn ò kà á sí ohun àwàdà. Ǹjẹ́ báwo ni ọmọ ẹnjiníà ṣe máa mọ bó ṣe yẹ kí obì pẹ́ tó nínú omi nígbà òjò àti nígbà ọ̀gbẹlẹ̀? Ta ló máa bi? Àwọn ìyá tí ẹ ní ọmọ yín ń tọ̀ kiri náà ni.

Ohun tí ọmọ yín fà yọ lẹ́nu wọn tún kọjá bí a ti í bó obì. Púpọ̀ nínú wa rò pé bí Ṣágámù ṣe wà yìí ló ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Obì àbàtà ni tiwa tipẹ́tipẹ́, òun la fi ń bọ, òun la fi ń gbé ìyàwó. Gbànja tí àwọn Hausa fẹ́ràn, Gold Coast, tí à ń pè ní Ghana báyìí, ló ti ń wá, ọkọ̀ ojú omi ń gbé e wá sí Èkó, kó tó gba ọ̀nà òkè lọ. Ẹ̀yìn náà làwọn àgbẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín fúnra wọn, ní Agége, ní Rẹ́mọ níbí. Nígbà tó fi máa di 1912, rélùwéè ti dé Kánò, ọjà sì gbòòrò. Àwọn Hausa tẹ̀ lé obì dé Ṣágámù, wọ́n jókòó, wọ́n bímọ. Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Yorùbá àti Hausa níbí ní oṣù Keje 1999, tí ẹ̀mí ṣòfò, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn tó ti ń jẹ nínú agbọ̀n kan náà látọjọ́ pípẹ́ ṣe dé ibẹ̀, àti ohun tó tún dá wọn padà sọ́jà, àfi kó lọ bá wọn jókòó. Ẹnjiníà ò ní ẹ̀rọ tó ń wọn ìyẹn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti àwọn tó ń wádìí ọkàn àti ọpọlọ. Ẹ rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, tó bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Arò, Abẹ́òkúta, ní 1954: aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ ń gbé yàrá láàárín àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, wọ́n á máa ti ibẹ̀ wá gba ìtọ́jú. Dókítà ọmọ Kánádà kan wà tó bá wọn ṣiṣẹ́ ní Arò, Raymond Prince. Ó rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń rò: orí ń gbóná, ó dà bíi pé nǹkan ń rìn nínú orí, ojú ń ṣe bàìbàì, ìwé tí wọ́n kà kò wọlé. Ní 1960 ó kọ ọ́ jáde, ó pè é ní brain fag, ìyẹn ni pé ó ti rẹ ọpọlọ. Lójú tirẹ̀, ẹ̀kọ́ ilẹ̀ òkèèrè àti ẹrù ìrètí ẹbí tó wà lórí ọmọ kan ṣoṣo wà nídìí rẹ̀. Àwọn mìíràn wá lẹ́yìn, wọ́n ní ká wo àìsùn àti ohun tí ọmọ ń jẹ kó má bàa sùn, bíi kọfí, bí obì. (Ẹ ò rí i pé obì tún ti dé!) Nígbà tó di 1994, ìwé ńlá tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń mọ àìsàn yàtọ̀ síra kà á mọ́ àwọn àìsàn tó jẹ́ ti ilẹ̀ kan pàtó.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àmọ́ àwọn kan, dókítà ọpọlọ ni wọ́n o, wọ́n lọ tú ìwé ìròyìn àti ìwé ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti nǹkan bí 1800 sí 1900. Kí ni wọ́n bá níbẹ̀? Brain fag, orúkọ kan náà gan-an. Àwọn òyìnbó ló ń ní i, akọ̀wé, akẹ́kọ̀ọ́, àwọn tó ń ronú jù. Wọ́n ti ń polówó oògùn rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn kí a tó bí ẹnì kankan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí Prince rí. Nígbà tí ìwé ńlá Amẹ́ríkà tún jáde ní 2013, brain fag kò ní àyè tirẹ̀ nínú àkójọ yẹn mọ́. Mi ò ní orí àwọn ọmọ wa kò gbóná o. Mo ń rí wọn lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ojú pípọ́n, obì lẹ́nu. Pé tiwa nìkan ṣoṣo ni, ìyẹn ni kò dúró mọ́. Ìwé àtijọ́ ló bì í wó, Bàbá. Iṣẹ́ tí ẹ ní kì í ṣe iṣẹ́ ló tún iṣẹ́ àwọn dókítà ṣe.

Ti kọ̀ǹpútà ò ní pẹ́. Àwọn tó ń kọ́ ẹ̀rọ ní Yorùbá ní ọ̀nà kan tí mo gbóríyìn fún: apá kan nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n kó jọ, wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ rí i rárá nígbà tó ń kọ́ṣẹ́. Ìgbẹ̀yìn ni wọ́n á mú un jáde, wọ́n á ní kó máa kọ ohun tó gbọ́, wọ́n á sì ka àṣìṣe rẹ̀. Kò síbi tó máa sá sí. Ní 2024 àwọn olùwádìí kan fi ọ̀rọ̀ Ìlàjẹ àti Ifẹ̀ dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò, ẹ̀rọ tó ń ṣe dáadáa nínú Yorùbá inú ìwé bá ń ṣubú. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun bíi Bíbélì àti ìròyìn ni wọ́n sábà máa ń fi kọ́ irú rẹ̀, kò gbọ́ bí ìyá kan ṣe ń nájà ní Ṣágámù rí. Ọmọ yín ní ohùn àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ lórí fóònù rẹ̀, wákàtí lórí wákàtí, àwọn ìyá náà sì gbà kó gbà á sílẹ̀. Ọmọ kọ̀ǹpútà kan tó ń dúró de fọ́tòkọ́pì gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, ó ní ṣé ó lè fún òun. Ọmọ yín ní òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ padà lọ bi àwọn ìyá náà léèrè. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní àbùkù tirẹ̀, mo kà á. Ó ní ìyá kan tó sọ pé ṣáájú ogun Hitler ni lọ́rì ti ń kó obì lọ sókè, òmíràn ní ẹ̀yìn ogun ni, ọmọ yín wá kọ méjèèjì sílẹ̀, ó kọjá lọ. Sùpáfáísọ̀ fa ìlà pupa sí i, ó sì tọ̀nà. Ẹni tó ń kọ ìtàn kì í mú ọ̀rọ̀ ẹnu kan kó sùn lé e, àfi kó fi òmíràn yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì fi ìwé yẹ méjèèjì wò. Àwọn fáìlì ìjọba òyìnbó lórí Ìjẹ̀bú Province, tí Rẹ́mọ wà nínú rẹ̀ nígbà náà, wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Kò ní rí ohun tó ń wá lọ́jọ́ kan, torí pé fáìlì pọ̀, àwọn tó ń gbé e jáde kò sì pọ̀. Ó ti ya àkókò sọ́tọ̀ láti lọ, owó mọ́tò àti ibi tó máa sùn ni kò tíì sí, ojú yín ló sì ń wò. Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ fún un.