Ẹ má fi ìṣubú díwọ̀n Omos

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka àròkọ tí ẹ gbé jáde lórí Omos oníjàkadì, Tolúlọpẹ́ Ọmọgbẹ̀hìn ọmọ wa, níbi tí òǹkọ̀wé yín ti ní ó kàn ga lásán ni, pé gbogbo ẹni ńlá tó bá pàdé ní WWE, ilé-iṣẹ́ ìjàkadì ti Amẹ́ríkà, ló ń dá a. Ó dùn mí gan-an. Àwọn ọmọdékùnrin ní ṣọ́ọ̀bù agẹrun níhìn-ín ní Òkè-Fíà ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Wọ́n ti máa ń fẹnu kò lórí ẹni tí yóò borí kí ìjà WWE tó bẹ̀rẹ̀, àgbà òǹwòran wo ni kò mọ̀? Irú ìjà tí wọ́n gbé lé èèyàn lọ́wọ́ ló yẹ ká máa wò. Èkó ni wọ́n bí Tolúlọpẹ́ sí ní 1994. Bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ló ń gbá ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà kó tó wọ WWE ní 2019. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ní WrestleMania, ìdíje WWE tó tóbi jù lọ́dọọdún, ní Tampa ní Amẹ́ríkà, òun àti AJ Styles, oníjàkadì ẹgbẹ́ rẹ̀, gba bẹ́líìtì àwọn tó ń jà ní méjì-méjì lọ́wọ́ Kofi Kingston, ọmọ Gánà, àti Xavier Woods. Ẹ bá mi wá àwọn tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn, wọn ò pọ̀.

Ìjà òun àti Brock Lesnar, gbajúmọ̀ oníjàkadì WWE, ní 2023 ni òǹkọ̀wé yín dì mọ́ jù. Lóòótọ́, Lesnar gbé e, ó sì là á mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó dé ibẹ̀, Omos ti jù ú kiri bí àpò ẹ̀wà. Ẹsẹ̀ bàtà 7 àti íǹṣì 3 ni wọ́n ń kéde pé ó ga. Bí kò bá sí òmìrán níbẹ̀, kí ni Lesnar ìbá gbé tí ẹnu yóò fi yà wá? Iṣẹ́ gidi ni ìṣubú náà. Òmìrán tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú, ọrùn ni yóò fi kanlẹ̀. Òǹkọ̀wé yín tún gbójú fo Bobby Lashley, oníjàkadì ńlá mìíràn, tí Omos dá ní oṣù karùn-ún ọdún 2022.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ó wà ní Japan, lọ́dọ̀ Pro Wrestling Noah, ilé-iṣẹ́ ìjàkadì kan níbẹ̀. Òun àti Jack Morris, oníjàkadì ẹgbẹ́ rẹ̀, gba bẹ́líìtì àwọn tó ń jà ní méjì-méjì níbẹ̀. Mi ò rí i nínú ìwé ìròyìn yín. Arsenal àti Chelsea ló kún ojú ìwé eré ìdárayá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá a kàn, ẹ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ẹ bi í léèrè ẹni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú, àti ohun tí ojú rẹ̀ rí ní Japan. Kí ẹ sì fi àwòrán rẹ̀ sí ojú ìwé àkọ́kọ́. A ó rà á ní Òṣogbo.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Òkè-Fíà, Òṣogbo.